Bí Lámídì Onígbàjámọ̀ Ṣe Ṣẹ́gun Mẹ́tàdínlógún Lọ́nà Mẹ́jọ

Ẹ fi etí sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn wa, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan di orí yín mú, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ kì lónìí, orí ni oko rẹ̀, irun ni koríko tó ń ro. Lámídì Àrẹ̀mú, onígbàjámọ̀ àgbà, ọmọ Búráímọ̀, ọmọ ọmọ Sàánúsí, àtọmọdọ́mọ Àtàndá tó kọ́lé sí ìdí ìrókò nílùú Ìwó. A-fárí-má-ṣá-létí. A-gbábẹ-dání-bàálé-ilé-ń-dúpẹ́. Mọ́gàjí àdúgbò kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sórí àga Lámídì, fìlà á bọ́, ọrùn á tẹ̀ síwájú, ohùn á sì rọ̀ pé, “Dákun, rọra níbi ìpàkọ́ yẹn.” Ọ̀gá ọlọ́pàá ń dijú níwájú rẹ̀. Alápatà tó ń fi ọ̀bẹ ṣeré láàárọ̀ kì í mí kanlẹ̀ bí abẹ Lámídì bá ti dé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí.

Ilé tó sì ti jáde wá kì í ṣe ilé kékeré. Àtàndá, baba ńlá wọn, ló kó ewúrẹ́ jọ tí àgbàlá kò fi gbà wọ́n mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó kà wọ́n, ó ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, ó wá rí i pé wọ́n fi ẹyọ kan ju iye tó mọ̀ lọ. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Àtàndá kì í fi ohun olóhun sílé. Ó mú pàṣán, ó lé ewúrẹ́ kan jáde nínú agbo, ewúrẹ́ tirẹ̀, èyí tó lóyún nínú wọn. Ewúrẹ́ náà yà sílé aládùúgbò, ó bí ìbejì síbẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń sin ìran ewúrẹ́ yẹn nílé ọ̀hún, tí wọ́n ń fi ẹran rẹ̀ ṣe àlejò.

Sàánúsí, ọmọ Àtàndá, ló fi ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ka ọjọ́ ọjà, tó ru iṣu dé ìsọ̀ láfẹ̀mọ́jú, tó bá ajá méjì àti adìyẹ kan níbẹ̀. Ó ti ṣi ọjọ́ kà. Ǹjẹ́ ó padà sílé? Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni í yan ibi tó wù ú, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì dúró ti iṣu rẹ̀ títí ọjà fi wá bá a. Búráímọ̀, ọmọ Sàánúsí, bàbá tó bí Lámídì, òun ló pín ẹran Iléyá fún gbogbo ilé láìgbàgbé ìyá arúgbó, láìgbàgbé ọmọ ọwọ́, tó wá wo ọpọ́n nígbẹ̀yìn tó rí i pé ara òun lòun kò kà. Omi ọbẹ̀ ló fi jẹun lọ́dún yẹn, ó sì ní ìfẹ́ ará ilé ló fà á.

Nínú ìṣẹ́gun ńláńlá wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ kan ti wá di àṣà nílé Àtàndá. Síkírátù, ẹ̀gbọ́n Lámídì, tó ń rán fìlà lójúde kejì, ló fẹ́ràn rẹ̀ jù: “Ilé wa ò kì í kà. Ojú la fi ń wọ̀n.” Bí fìlà tó rán bá kéré ju orí oníbàárà lọ, ọ̀rọ̀ yìí ló fi máa ń tu onítọ̀hún nínú. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọmọdé ń gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Lámídì ń fá orí Tìámíyù, ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ rédíò ṣe, tí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kó wá fojú hàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìdajì orí lápá ọ̀tún ti ń dán. Ìdajì lápá òsì ṣì jẹ́ igbó. Ibẹ̀ ni Ràbíátù, ọmọ Lámídì, tó wà ní kíláàsì kẹrin, ti wọlé pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àmúrelé lábẹ́ apá. Ó kí wọn, ó jókòó sórí àpótí, ó wo ìwé náà díẹ̀, ó sì pa á dé.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá sìn mí dé ilé ìwé lọ́la, ẹ bá mi sọ fún tíṣà wa kó má pè mí síwájú pátákó.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀ níwájú pátákó?”

“Ìṣirò ni. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wá ṣàlàyé tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àǹtí Síkí ní kí n má da ara mi láàmú, pé ilé wa ò kì í kà.”

Kò sunkún. Bó bá sunkún ni, Lámídì ì bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ì bá ra gúgúrú fún un, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ńṣe ló sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé ojú ọjọ́ ṣú. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ara rẹ̀, ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Lámídì wọra. Ẹ̀rín tí òun alára ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rín láti ọjọ́ yìí wá korò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà náà ni akọni dìde. Ó pa kílípà, ẹ̀rọ ìfárí rẹ̀, ó gbé e lélẹ̀, ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó fi aṣọ ìnura kọ́ èjìká bí ológun ṣe ń gbé apó kọ́.

Ó ní, “Tìámíyù, má bínú. Ogun ti wọ̀lú.”

Tìámíyù wo ara rẹ̀ nínú dígí. “Bọ̀dá Lámídì, àna mi ń retí mi.”

“Àna tó bá ń wá ọkọ gidi fún ọmọ rẹ̀ á ní sùúrù.”

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà, ọ̀tá mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín ọsàn mẹ́rìnlélógún fún èèyàn mẹ́fà. Lámídì kọjú mọ́ ọn bí kìnnìún ṣe ń kọjú mọ́ eṣinṣin. Ó rán ìrònú rẹ̀ lọ, ó fún èèyàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọsàn kọ̀ọ̀kan, ó tún yípo, ó tún yípo, nígbà tí yóò fi yípo lẹ́ẹ̀kẹrin ọsàn ti tán nílẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin! Ó na ìka mẹ́rin sókè kí Tìámíyù rí i. Ó bi Ràbíátù bóyá irú ọ̀tá báyìí náà ni wọ́n ń torí rẹ̀ gba owó ìwé.

Èkejì ní kí wọ́n yọ méjìdínlógún kúrò nínú mẹ́tàlélógójì. Níbí ni ọwọ́ akọni ti kọ́kọ́ rọ̀, nítorí mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún kò tó ohun tí mẹ́jọ ń bèèrè. Kó tó la ẹnu, Ràbíátù ti mú bíró. Ó ní kí wọ́n yá ẹ̀wá kan lọ́dọ̀ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹ́ta á di mẹ́tàlá, kí wọ́n yọ mẹ́jọ, ó ku márùn-ún. Mẹ́rin tó yáni ti di mẹ́ta, kí wọ́n yọ ọ̀kan, ó ku méjì. Márùndínlọ́gbọ̀n. Lámídì bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dá ẹ̀wá náà padà fún mẹ́rin. Ràbíátù ní wọn kì í dá a padà. Lámídì fi ojú burúkú wo ìṣirò náà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka ìṣẹ́gun yẹn mọ́ tirẹ̀, ó sì mi orí sí Tìámíyù bí ẹni tó ti rí irú ogun bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ará, ẹ mí kanlẹ̀, ìkẹta ń bọ̀. Òmìrán tó ti na Ràbíátù lójú gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyí. Ó ní: Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì mẹ́jọ; ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan; ọmọ mélòó ni gbogbo wọn? Bí Lámídì ti kà á tán, ó tì í sẹ́yìn.

“Wọn kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ,” ó ní. “Ta ló ní kí ẹ máa ka ọmọ ọlọ́mọ?”

“Tíṣà wa ni, Bàbá.”

“Ọrùn tíṣà lẹ̀ṣẹ̀ náà wà nígbà yẹn.” Ó ti rò ó pé ilẹ̀kùn àṣà lòun yóò gbà sá lójú ogun, àmọ́ ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì padà wá.

Ó ní kí Ràbíátù ṣe é bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ náà kọ mẹ́tàdínlógún sókè, ó kọ mẹ́jọ sábẹ́ rẹ̀. Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lódindi. Ọ̀kan lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ó kọ ìyẹn síwájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Tíṣà bi í lọ́jọ́ náà pé ṣé orí òrùlé ni àwọn ọmọ tó pọ̀ tó yẹn máa jókòó sí ni, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà ní kí n kọ mẹ́fà sílẹ̀, kí n gbé márùn-ún pamọ́,” Ràbíátù ní. “Bí mo bá ti gbé e pamọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́.” Lámídì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí márùn-ún yẹn ń farapamọ́ sí gan-an ni òun náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà èwe.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nígbà tí ojú ọ̀nà tíṣà dí mọ́ akọni, ó gba ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀. Ó bèèrè pé, “Ta ni mẹ́tàdínlógún gan-an? Ṣé kì í ṣe ogún tó dín mẹ́ta ni? Orúkọ rẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́ta náà fún un ná, kó di ogún. Ogún lọ́nà mẹ́jọ, èló ni?”

“Ọgọ́jọ,” ni Ràbíátù fọhùn kíá. Ọmọ tó bá ti mọ orúkọ àwọn iye láti ogójì dé igba ti ka ogún lọ́nà méjì dé ogún lọ́nà mẹ́wàá tán láìmọ̀.

Lámídì ti ìka bọ inú ìfòfó ọṣẹ, ó kọ ọgọ́jọ gàdàgbà sójú dígí ìsọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta tó ga tó orí èèyàn. Ó sẹ́yìn, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. “Ó wá ku mẹ́ta tí a fi kún un. Yọ mẹ́ta yẹn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ!” Ó nu àwọn tàkọ́kọ́ kúrò, ó fi ọṣẹ kọ ìdáhùn yẹn síbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀, ó ki Búráímọ̀ mọ́ ọn, ó dé ọ̀dọ̀ Sàánúsí, ó ń lọ bá Àtàndá nínú agbo ewúrẹ́. Tìámíyù pàtẹ́wọ́ tagbáratagbára, nítorí ó ti rí i pé ogun parí, orí òun ló kù. Kílípà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ràbíátù nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró síwájú dígí. Ọṣẹ tí bàbá rẹ̀ fi kọ ìdáhùn wà lójú dígí náà, orí Tìámíyù sì ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, apá kan tó ń dán, apá kan tó kún. Ó wo nọ́ńbà, ó wo orí, ó tún wo nọ́ńbà.

“Bàbá,” ó ní, “ó ṣì ku ibòmíì.”

“Ibo nínú ibo?”

“Bẹ́ ẹ ṣe fá orí Bọ̀dá Tìámíyù náà lẹ ṣe fá ìṣirò yìí. Ibì kan lẹ dé. Gbogbo kíláàsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la fún ní mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n lè di ogún. Kíláàsì kan ṣoṣo lẹ gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Méje tó kù ṣì mú tiwọn dání.”

Tìámíyù fọwọ́ kan apá òsì orí rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Lámídì sì wà láàárín ọ̀nà méjì. Bàbá ni, ó lè jágbe, ó lè ní kí ọmọdé dákẹ́, ìdáhùn á wà lójú dígí bẹ́ẹ̀, oníbàárà á sì máa fi irọ́ yìn ín délé àna. Ràbíátù alára ti ń wo ilẹ̀, bíi pé ó ń retí ìbáwí. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Akọni tó pa ẹkùn wà, èyí tó fọwọ́ lásán mú ejò wà, a sì ti gbọ́ nípa wọn. Ṣùgbọ́n akọni tó bọ́ aṣọ ìnura kúrò léjìká, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ìdáhùn ara rẹ̀ kúrò lójú dígí, lójú oníbàárà, lójú ọmọ bíbí inú rẹ̀, mélòó lẹ ti rí? Lámídì nù ún títí dígí fi mọ́. Ó ti abọ́ ọṣẹ sọ́dọ̀ Ràbíátù.

“Mo gbà,” ó ní. “Máa bá a lọ.”

Ọmọ náà gun àpótí. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìnlélógún. Ó kọ ọgọ́jọ, ó yọ ogún kúrò nínú rẹ̀, ó di ogóje. Ó ku mẹ́rin tí yóò yọ. Mẹ́rìndínlógóje. Ó kọ ọ́ sójú dígí, nọ́ńbà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ọṣẹ ń ṣàn lára rẹ̀, àmọ́ ó dúró. Bàbá rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ràbíátù ní kó dúró ná.

Ó padà sínú ìwé rẹ̀, ó tún gba ọ̀nà tíṣà. Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó kọ mẹ́fà sílẹ̀. Ó kọ márùn-ún tín-ín-rín sórí ọ̀kan, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó o. Ọ̀kan lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ó gbójú sókè wo márùn-ún tó ń dúró dè é, ó mú un wálẹ̀, mẹ́jọ àti márùn-ún di mẹ́tàlá. Ó kọ mẹ́tàlá síwájú mẹ́fà. Ó wo ìwé, ó wo dígí. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ti wọ ọjà kan. Ẹ̀rín yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́ tó mú kí bàbá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Gbogbo wọn á ríbi jókòó sí.”

Ibẹ̀ ni Síkírátù ti wọlé, tó gbé fìlà tí Tìámíyù ní kó bá òun rán dání. Ó rí orí oníbàárà rẹ̀ ní ìdajì, ó rí dígí tó kún fún ọṣẹ. “Àrẹ̀mú, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?” Lámídì la ẹnu láti ròyìn ogun. Ràbíátù fọwọ́ kàn án lápá. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi.” Ẹnu akọni sì pa dé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ látòkè, bó ṣe máa ṣe é níwájú pátákó lọ́la: ìdí tí mẹ́tàdínlógún fi di ogún, ohun tí gbogbo kíláàsì jẹ wá, bí wọ́n ṣe gbà á padà, ibi tí márùn-ún ń farapamọ́ sí. Kò ṣi ẹyọ kan. Nígbà tó parí, Síkírátù sún mọ́ àga Tìámíyù. Ó wo fìlà ọwọ́ rẹ̀, ó wo orí Tìámíyù, ó sì fa tépù kan jáde nísàlẹ̀ àpò, tépù tí ìdì rẹ̀ ò tíì tú láti ọjọ́ tó ti rà á.

“Ràbíátù,” ó ní, “wá bá mi wọn orí yìí, kí n mọ̀ bóyá kí n tú fìlà yìí tún rán.”

Lámídì fá ìdajì orí tó kù, Ràbíátù wọ̀n ọ́n, ó ka iye rẹ̀ fún àǹtí rẹ̀. Fìlà kéré. Síkírátù tú u, ó tún un rán lójú ẹsẹ̀, Tìámíyù sì dé e lọ sílé àna, ó bò ó mọ́lẹ̀ dé etí bó ṣe yẹ.

Lámídì bá jáde sójúde, aṣọ ìnura léjìká, ọṣẹ lọ́wọ́. Ewúrẹ́ ilé aládùúgbò kan ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ìran ewúrẹ́ àtijọ́ ọ̀hún. Ó kọjú sí ìdí ìrókò, ó gbé ohùn sókè tí gbogbo òpópónà fi gbọ́: “Láti òní lọ, èmi Lámídì Àrẹ̀mú, a-fárí-má-ṣá-létí, mo kéde rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ mọ́ pé ilé Àtàndá ò kì í kà. Baba ńlá wa, níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má lé ewúrẹ́ kankan mọ́. Ẹ kó wọn wálé. Ọmọ tí yóò kà wọ́n ti dé.”